Àmín Nínú Gbọ̀ngàn Ìdánwò

“Àmín!”

Ohùn náà bú jáde láti ìjókòó ẹ̀yìn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú gbọ̀ngàn sì yíjú padà. Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Adédùntán kò yíjú ní tirẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́? Bàbá rẹ̀ ni, Pásítọ̀ Ògúnjìnmí, nínú kóòtù funfun ọjọ́ Ìsinmi, tó gbàyè níbi iṣẹ́ ẹrù kíkó tó ń ṣe láti wá wo ìdánwò ọmọ rẹ̀.

Ní yunifásítì Padova, nílẹ̀ Itálì, ìdánwò ẹnu kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó bá wù á sì lè jókòó sẹ́yìn kó máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí Adédùntán sọ èyí nílé. Ó sọ ọ́, bàbá sì wá. Adédùntán kò tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ, pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nílẹ̀ Amẹ́ríkà tuntun gbà pé Ọlọ́run ló mú wọn la òkun já, tí bàbá fi gbè é. Nínú ìjọ wọn, ẹni tó ń jẹ́rìí kì í dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Ọlọ́run tó pa ẹnu mọ́, ó fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀ sínú òtútù nìyẹn.

“Ṣé ẹ ti parí àdúrà?” ọ̀jọ̀gbọ́n bi í. Ọ̀dọ́kùnrin ni, irun rẹ̀ ń dán, igun ẹnu rẹ̀ kan sì máa ń gòkè nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tó ń ṣe ìdánwò lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fìdí rẹmi. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fún un ní máàkì kékeré, ó sì kọ̀ ọ́, nítorí àṣà ibẹ̀ gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ máàkì kó padà wá ṣe é. Ìyẹn kò yé bàbá rẹ̀ títí dòní. “Wọ́n bu oúnjẹ fún ọ, o ní kò dùn tó?” Àdéhùn wọn ni pé bí kò bá yege lónìí, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Sampierdarena, yóò lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, kí ọ̀rọ̀ ìwé àwọn Òyìnbó tó ti kú sì parí síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ yìí gan-an ló ń rí i lára jù. Kí làwọn èèyàn wọ̀nyẹn mọ̀? Bí màlúù bá kú, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó fi ìkánjú ka ojú ewé wọn bí ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá ààtàn. Ó sì ń fi gbogbo ìríra yẹn dáhùn, títí ọ̀jọ̀gbọ́n fi gbọ́wọ́ sókè.

“Ẹ ti sọ fún mi pé wọn ò dáa. Mi ò bi yín. Báwo ni ìwàásù wọn ṣe ń mú ẹni tó ń gbọ́ ọ?”

Ó bojú wẹ̀yìn. Giulia, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti fi ìwé bojú. Bàbá ní tirẹ̀ ti na ọrùn síwájú, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹlẹ́rìí tó bá ń kólòlò.

“Máa wí, ọmọ mi! Máa wí!”

Ẹ̀rín tún sọ. Ojú tì í débi tí ẹnu rẹ̀ fi là.

“Oníwàásù á ka ẹsẹ Bíbélì kan,” ó ní. “Á tú u palẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, á sọ̀ kalẹ̀ wá sórí ìjókòó yín: ìwọ, lónìí, nínú ilé rẹ. Kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣe oge. Ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ gbọ́ ni. Ẹ̀rù ló fi ń dè yín, iná ló fi ń kan ìdè náà.”

“Níbo lẹ ti kà á?”

“Mi ò kà á. Bàbá mi nìyẹn. Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń sọ ọ́ ní èdè Itálì fáwọn ọmọdé ìjọ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọkùnrin aláṣọ funfun náà láti òkè délẹ̀. Igun ẹnu rẹ̀ gòkè. “Ẹ wò ó, àwọn baba ńlá Amẹ́ríkà ò tíì kú tán.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ Adédùntán fúnra rẹ̀ ni. Òun náà ti ń dá a fún Giulia nídìí kọfí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí, ó sì dùn mọ́ ọn. Àṣé ó ń rùn lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Kò dúró de ìbéèrè mọ́. Ó ní ìran tó dé lẹ́yìn àwọn oníwàásù fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n gbé làákàyè jókòó sórí àga Ọlọ́run, wọ́n fi ìwé pẹlẹbẹ lé ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílẹ̀ wọn. Síbẹ̀, “ìwọ, lónìí” náà ni wọ́n fi ń gún aráàlú ní kẹ́ṣẹ́. Ó ní àwọn ẹrú tó jí ìwé kọ́ mú ẹsẹ Bíbélì olówó wọn, wọ́n sì nà án sí i lójú. Ó ní ìran tó tẹ̀ lé e sọ pé làákàyè tutù jù, wọ́n wọ igbó lọ wá Ọlọ́run lára ewé. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn mìíràn tún dé, wọ́n fi onígbó rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ bí atukọ̀ ṣe ń sọ ọ́.

“Ìran kọ̀ọ̀kan ń fi baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín,” ó ní, ó tẹjú mọ́ igun ẹnu ọkùnrin náà, “ẹnu tí baba bí mọ́ ọn ló sì fi ń rẹ́rìn-ín.”

Igun ẹnu náà sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo tábìlì. “Mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n. Ṣé ẹ gbà á?”

“Mo gbà á.”

Níta, lábẹ́ òrùlé tó bo ẹ̀gbẹ́ títì, kẹ̀kẹ́ ń rọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ó bọ́ sí i?” bàbá bi í.

“*Sì, papà.* Mo yege.”

“Ọpẹ́ ni fún Olúwa.” Wọ́n rìn díẹ̀. “Ọ̀gá yín yẹn, èmi ló ń fi ṣẹlẹ́yà.”

“Ẹ má dá a lóhùn, Dádì. Aláìlójútì ni.”

“Ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ ló fi ń rẹ́rìn-ín. Itálì mi ò pọ̀, àmọ́ mo gbọ́ *paura*. Mo gbọ́ *fuoco*.” Kò gbóhùn sókè. “Dùntán, ìgbà wo ni mo wàásù ẹ̀rù àti iná gbẹ̀yìn?”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rí ẹ̀rín náà.

“Látìgbà tá a ti sin ìyá rẹ, mi ò mẹ́nu bà á mọ́. Ta ni mo fẹ́ dẹ́rù bà? Àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ wá jọ́sìn?” Ó dúró, ó nu ọrùn. “Àwọn ọmọ Bùrọ̀dá Àkàndé, àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá yẹn. Bàbá wọn ní wọn kì í lè sùn lálẹ́ Sunday. Wọ́n ní iná ń jó. Èmi rò pé tẹlifíṣọ̀n ni.”

Kò wò ó nígbà tó sọ ọ́. Ó ti tún ń lọ, ó ń wá ibi tí bọ́ọ̀sì á ti dúró.

Adédùntán dúró sẹ́yìn. Ó ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó kéré tán kan péré. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ní èdè Itálì, ó ń pariwo iná kí ti bàbá tó bẹ̀rẹ̀.