Bàbá Ìyàwó, Ìlà Kẹta

"Orúkọ tí mi ò ní lè wá àyè fún lórí ìwé ìpè, wọn ò tíì sọ ọmọ kankan ní irú ẹ̀!"

Bàbá Lẹ́tà ló ń fọ́nnu báyẹn láàárọ̀, tó ń fọwọ́ lu àyà bí ẹni tó dá álífábẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń to ọ̀rọ̀ sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ. Tòní, tọmọ tiẹ̀ ni. Kí ọmọ náà àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti ya ìlà kẹta sọ́tọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: BÀBÁ ÌYÀWÓ. Ó to orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà tó sanra jù, àwọ̀ wúrà, ó wá ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́.

Ọmọ dé, ó na bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí fún un. Bàbá Lẹ́tà kà á dé ìlà kẹta, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tó bí ọmọ náà ló wà níbẹ̀, èyí tó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ nígbà tí ọmọ ṣì ń rá, kí Bàbá Lẹ́tà tó fẹ́ ìyá rẹ̀.

"Tèmi ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀, Bàbá."

Ó wá a títí. Igun ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti rí i, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: *Atẹ̀wé*.

"Háà! Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ lọ síléèwé nínú òjò! Atẹ̀wé ni mo wá dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹni tó bí mi ní táwọn ò bá rí orúkọ àwọn níbẹ̀, àwọn ò ní wá."

"Èmi ńkọ́?"

Ọmọ wolẹ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin, ẹ ó kúkú wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó fún lẹ́tà pọ̀, ó ti ìlà sókè, ó pa òdòdó rẹ́, ó pa ti ibí rẹ́, ó gbá tọ̀hún dànù láìwo ohun tó wà níbẹ̀, títí bàbá méjèèjì fi fara kanra ní ìlà kẹta, lẹ́tà kan náà, wúrà kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó jù ú sórí tábìlì.

"Ó yá, kó máa bá mi fún ara níbẹ̀!"

Ọmọ bú sẹ́kún. "Bàbá mi..."

"Èwo nínú wa?"

Àfẹ́sọ́nà, tí kò tíì lanu látìgbà tí wọ́n ti wọlé, mú ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

"Ó dáa, sà. Ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó náà?"