Àna Bàbá Abdón Kò Wọ Oko

"Eliécer! Ṣé ilẹ̀ ń bu èèyàn jẹ ni? Wọ oko wá!"

Àárín ebè ni Bàbá Abdón ti ń pariwo, ọkọ́ ń bẹ léjìká rẹ̀, ó sì ti ká ruana onírun àgùntàn tó fi bora sókè kí ẹrẹ̀ má bà á jẹ́. Etí títì ni Eliécer, ọkọ ọmọ rẹ̀, dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ó ń bó ọ̀dùnkún, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti igi bọ iná. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n wá ṣe àáró kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n etí gbogbo wọn ti là.

"Ẹ fi Sájẹ́ǹtì sílẹ̀ jàre, Bàbá," ni Fidelino aládùúgbò wọn wí. "Ojú ogun ló wà yẹn. Ìkòkò ti fẹ́ẹ́ túúbá fún un."

Ẹ̀rín ta. Nubia, ìyàwó Eliécer, kò bá wọn rín in. Ó tẹríba, ó ń ṣa ọ̀dùnkún sínú àpò.

Lórí òkè tútù yẹn, àáró ni ìgbésí ayé. Ẹni tó bá wá bá ọ wa ọ̀dùnkún, ìwọ náà yóò lọ bá a wa tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé. Láti ìgbà tí Eliécer ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, Nubia nìkan ló ń dá ṣe àáró èèyàn méjì. Kì í ṣe pé ọkọ rẹ̀ ń sùn. Ó ń fún wàrà màlúù lórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, ó ń pọ́n ọkọ́, ó ń se oúnjẹ tó dùn ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rírọ̀, kò sì jẹ́ kí Yolima ọmọ wọn sáré lórí koríko. Bí Nubia bá bi í léèrè, ohun kan náà ni yóò wí: "Mi ò lè ṣe é." Nubia mọ̀ pé ogun ló fa á. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro ó lẹ́yìn àáró, àwọn ìgbà kan wà tí òun náà pè é ní ìmẹ́lẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Bàbá Abdón kò fi tirẹ̀ mọ sínú ọkàn. Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó ti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ pé bí ọkùnrin náà kò bá wọ oko lọ́jọ́ àáró ilé tiwọn, kó di ẹrù rẹ̀ kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé," ni ó wí. "Ojú ń tì mí."

Ọjọ́ náà ló wá pé yìí. Ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, àna kò sì tíì kúrò lórí títì.

Bàbá Abdón bẹ̀rẹ̀, ó hú ọ̀dùnkún ńlá kan, ó gbé e sókè. "Yolima, ọmọ ọmọ mi! Sáré wá wo ọ̀dùnkún tó tóbi bí orí rẹ! Wá fi han bàbá rẹ pé ilẹ̀ kì í jẹ èèyàn!"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo bàbá àgbà, ó sì bẹ́ sínú oko.

"Dúró!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Eliécer rí. Ọkọ́ Fidelino dúró lókè.

"Dúró síbẹ̀! Má mira! Má gbẹ́sẹ̀!"

Yolima dúró gbagidi láàárín ebè, ó bú sẹ́kún. Eliécer dojú bolẹ̀ létí oko. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń bó ọ̀dùnkún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra fi ẹnu ọ̀bẹ náà gún ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ́, ó tún gún ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó fi ìka wá abẹ́ ewé bí ẹni tó ń wá okùn. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fà síwájú díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló sọnù, Sájẹ́ǹtì?" ni Fidelino bi í. "Abẹ́rẹ́ ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Bàbá Abdón ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ lọ gbé ọmọ. Nubia di ruana rẹ̀ mú.

"Ẹ má lọ, Bàbá."

"O ò gbọ́ pé ọmọ ń sunkún ni?"

"Mo gbọ́. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ yẹn, lójú rẹ̀, ẹ ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kó wọ oko. Ó ti wọ̀ ọ́."

Arúgbó náà fà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn gbọ́ ohun tí Eliécer ń wí ní ohùn jẹ́jẹ́, bó ti ń gún ilẹ̀ bọ̀: "Wilmar, má mira. Mo ń bọ̀. Mo ń bọ̀, Wilmar."

Nubia mọ orúkọ náà. Ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, tí àwọn méjèèjì jọ lọ sìnkú rẹ̀ ní ìlú Duitama; Eliécer kò sì tíì sọ irú ikú tó pa á. Ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára ruana. Ìmẹ́lẹ́ tó ti ń pè é nínú ọkàn wá ń ta á bí ẹ̀gún.

Ó pẹ́ kí Eliécer tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó gbé e pọ̀n, ó sì gba ojú ipa tó là padà, láìya sọ́tùn-ún, láìya sósì. Nígbà tó dé orí títì, ẹrẹ̀ ti bò ó láti àgbọ̀n dé orúnkún. Ó wò yíká, ó rí gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó jókòó ti ìkòkò, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Kò sí ibi tí Bàbá Abdón kò lè gbà kọjá nínú oko tó ti ń ro láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó rìn lọ sí ibi tí Yolima ti dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sójú ipa tí àna rẹ̀ là, ó gbé èkejì síwájú rẹ̀, ó sì tọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi dé ìdí iná. Nubia tẹ̀lé e. Fidelino la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un níhà.

"Kò sí nǹkan nínú oko yìí àfi òkúta àti kòkòrò," ni arúgbó náà wí.

"Mo mọ̀, Bàbá. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà."

"Ta ni Wilmar?"

Eliécer ro ọbẹ̀ kó tó fèsì. "Èmi ni mò ń ṣáájú, tí mò ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ mi ni kí gbogbo wọn máa tẹ̀. Wilmar tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi yà láti já gúáfà. Wọ́n ti ní ká má pariwo, ni mo bá rọra pè é. Kò gbọ́. Mo rọra pè é, Bàbá."

Ọbẹ̀ ń hó. Bàbá Abdón fa igi kan kúrò nínú iná.

"Èmi ni mo pe ọmọ wọ oko," ni ó wí. "Ìmẹ́lẹ́ ni mo pe ohun tó ń ṣe ọ́."

"Èmi náà, Bàbá," ni Nubia wí. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. "Dókítà wà tó ń tọ́jú irú èyí nílé ìwòsàn àwọn ológun. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, kò padà lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Àwọn tí mo bá níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀," ni Eliécer dáhùn. "Èmi tí tèmi pé méjèèjì, kí ni mo fẹ́ wí?"

"Ohun tí o wí fún mi yìí ni. Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ tó ń kó wàrà yóò gbé èmi àtìwọ. Má jẹ̀ẹ́ kí n máa dúró dè ọ́."

"Ta ni yóò fún màlúù lómi?"

Bàbá Abdón yíjú sí oko. "Fidelino! Ọjọ́ Ajé, ìwọ lo máa bá wa mójú tó màlúù! Àáró ni!"

"Àáró wo ló ní màlúù nínú, Bàbá?"

"Èyí tí o jẹ fún ẹ̀rín tí o rín!"

Ìyàwó Fidelino ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Fidelino gbọn orí, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Nubia pè wọ́n wá jẹun. Àwọn mìíràn tò lẹ́yìn ara wọn gba ojú ipa náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn. Fidelino gba tirẹ̀, ó ń fo ebè bọ̀ tààrà bó ti máa ń ṣe. Eliécer kò mú ojú kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé orí títì. Ìgbà yẹn ló tó mí, ó sì bu ọbẹ̀ fún un ṣáájú gbogbo wọn.