Àkòrí Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ń Wá

Àwọn àkòrí jókòó sórí bẹ́ńṣì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò mú wọn. Èmi náà wá mú ọ̀kan tí màá máa kọ̀wé lé lórí. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ìkànnì kan tí mo ṣí sórí ayélujára ló kù tí mo gbójú lé. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ, mo ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ó sì ń sunkún nínú báàgì mi bí ọmọ tí ebi ń pa. Gbogbo ènìyàn ló ti sọ fún mi pé inú àkòrí ni owó wà. Bí èèyàn bá mú èyí tí ayé ń wá, àwọn onípolówó á fẹsẹ̀ ara wọn wá. Bó bá mú èyí tí kò sẹ́ni tó ń wá, ògiri ló ń kọ̀wé sí. Wọ́n ní ògiri létí, wọn ò sọ pé ó mọ̀wé kà.

Ọ̀gá Bánjọkọ ló ń bójú tó àwọn àkòrí náà. Òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, ó sì ti kú tipẹ́. Ó gbé òṣùwọ̀n kan síwájú, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé ọmọ ọwọ́ kọ́ ní ọsibítù. Bó bá ti gbé àkòrí kan kọ́ ọ, òṣùwọ̀n á la ẹnu, á sọ bí àwọn tó ń wá a ṣe pọ̀ tó. Ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ló ní.

"Má fi ọkàn yàn án o," Ọ̀gá sọ fún mi. "Òṣùwọ̀n ni kí o fi yàn án."

Mo ní ó dáa, sà.

"Bí A Ṣe Ń Rí Físà Gbà" ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́. Ó wọ kóòtù nínú ooru, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n ní àwọn tó ń wá a pọ̀ ju àwọn tó ń wá Ọlọ́run lọ. "Oògùn Jẹ̀díjẹ̀dí" tẹ̀ lé e, òun nìkan ni kò lè jókòó láti àárọ̀. Òun náà wúwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Bí A Ṣe Ń Mú Ọkọ Dúró Nílé", obìnrin arẹwà kan tó ń wo ojú ọ̀nà ṣáá. Mo bi í bóyá ó ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn níbí.

"Ó ń rọ̀ mí lọ́rùn," ó ní. "Ọkọ mi ni mi ò mọ ibi tó wà."

Orí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn ni ìyá mi jókòó sí, òun nìkan, ó gbé ìkòkò lé ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo bi í pé, "Màámi, kí lẹ ń ṣe láàárín àwọn àkòrí?"

"Èmi náà wá dúró ni. Ìkọ́kọrẹ́ mi ni mo gbé wá."

Ọ̀gá gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ó di ìkòkò rẹ̀ mú dáadáa, ó sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Òṣùwọ̀n wúkọ́ díẹ̀ bí oníròyìn.

"Ẹnì kan," ó ní.

Ọ̀gá fi ìka gbá a pẹ́pẹ́. "Ẹnì kan ṣoṣo," òṣùwọ̀n tún wí, ó sì dárúkọ àdúgbò mi, ó dárúkọ yàrá mi. Gbogbo àkòrí yíjú wò mí.

Òótọ́ ni. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ìkọ́kọrẹ́, ohun tó sì máa ń jáde ni ti ìyá àwọn ẹlòmíràn. Mo ti sè é bí wọ́n ṣe ní ká sè é, kò jọ ti ìyá mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Ilé ìwé ti di ilé ìdáná wa. Pátákó ìkọ̀wé di ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, àwọn àkòrí sì jókòó sórí igi ìdáná láìráhùn. Ọ̀gá Bánjọkọ ń fọwọ́. Màámi ṣí ìkòkò. Ewùrà náà wà nínú rẹ̀ ní kókó kókó, epo yí i ká, ẹja yíyan yọ orí síta. Kì í tètè rò ó pọ̀. Bó bá ti ju ewùrà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, á dé e, á ní ká jẹ́ kó gbọ́n ná.

Ó bu ṣíbí kan, ó nà án sí mi lẹ́nu.

"Gbà, Àwẹ̀ró. Tọ́ ọ wò, wàá mọ ohun tí wàá kọ."

Láti ọjọ́ tí a ti sin Màámi, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní Àwẹ̀ró mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e mì, yóò yé mi. Màá kọ ọ́ sínú ìkànnì mi, ì báà jẹ́ èmi nìkan ni màá máa kà á. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé tó ju ohun tó wà nínú ṣíbí yẹn lọ.

Mo pa ẹnu mi dé.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á jókòó tì wá lórí ẹní, á bi wá ní ohun tí a lá, á bi wá bóyá a jẹun níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹun, omi iyọ̀ ni yóò fi yọ ẹnu, àdúrà rẹ̀ á sì gùn ju ti àwọn yòókù lọ. "A kì í jẹun lójú àlá," á wí, "ì báà jẹ́ èmi ni mo gbé e fún yín."

Mo fẹ́ la ẹnu. Eyín mi kọ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, Màámi ò sì gbé ṣíbí náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọmọ mi," ó wí fún àwọn àkòrí. "Ó gbọ́ràn."

Inú rẹ̀ dùn dénú. Ó fi ṣíbí náà sẹ́nu Ọ̀gá Bánjọkọ, Ọ̀gá ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ọ̀gá wá bi mí pé àkòrí wo ni mo mú. Mi ò lè la ẹnu dá a lóhùn. Àkòrí Físà bá dìde, ó yọ ìkànnì mi nínú báàgì, ó pọ̀n ọ́n, ó sì ń gbé e lọ. Mi ò wò wọ́n. Màámi ti dé ìkòkò rẹ̀, ó gbé e rù, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, àgbọ̀n mi ń ro mí. Mo la ẹnu mi sílẹ̀ gbàgà lórí ibùsùn, mo sì ń dúró de ṣíbí náà.