Ojú Tí A Fi Pamọ́ De Àlejò

Orin ni mo fi ń jí, orin ni mo fi ń sùn. Àbúrò mi obìnrin máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, èmi á kọ́kọ́ dárin fún iná náà kí n tó wá omi lọ. Kò parọ́ mọ́ mi. Àwa méjèèjì là ń gbé yàrá kan látìgbà tí ọkọ ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Tèmi kọ́kọ́ lọ, tirẹ̀ sì tẹ̀ lé e bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn.

Aránṣọ ni àbúrò mi. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́ láti kékeré, ọ̀tún ló fi ń ránṣọ, ojú kan ṣoṣo tó mú ju méjì ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀tún náà, èmi ni mò ń bá a ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Á gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òwú pupa lẹ fún mi yìí àbí dúdú?" Màá ní dúdú ni. Á ní, "Ẹ má fi mí ṣeré o, oníbàárà mi ò fọ́jú." A ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ wá mọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rín dín kù.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Àǹtí Onírọ́bà fi dé àdúgbò wa. Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ tó kàwé, tó ń kí àgbà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó gba ilé kan tí wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀, ó fi ọ̀dà kùn ún láwọ̀ ewé, ó fi dókítà sí yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ìwọ̀n sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò lówó ìwòsàn, kó lọ ṣa rọ́bà omi tó dí gọ́tà wá. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ń ra rọ́bà náà, wọ́n ń yọ́ ọ di àga. Ẹ wo ọgbọ́n: gọ́tà là, ara le, òtòṣì ò sì tọrọ. Inú mi dùn débi pé mo dá orin fún un, gbogbo àwa tí à ń ṣa rọ́bà sì ń kọ ọ́:

Gọ́tà dí, ibà gbé wa dè,
Gọ́tà là, ara wa yá;
Ohun tẹ́ ẹ jù sọ́nà tẹ́ ẹ lọ,
Òun la fi tọ́jú ọmọ wa.

Dókítà ojú máa ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ àbúrò mi wò, ó ní awọ lásán ni, pé òun lè ṣí i kúrò láàárọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá a lójú. Ó kàn ní ká má jẹ́ kó pẹ́. Rọ́bà tí a ti kó jọ sì tó. Àbúrò mi délé, ó nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi òróró sí i lẹ́sẹ̀.

Àfi bí Àǹtí ṣe wọlé tọ̀ wá, tó kúnlẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ran òun lọ́wọ́ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí iṣẹ́ òun kí wọ́n tó tún fọwọ́ sí nǹkan mìíràn. Aránṣọ tí kò ríran, tó ń fọwọ́ wá rọ́bà kiri: kò sí irú rẹ̀ tó lè wú wọn lórí.

"Ẹ̀yin màmá mi, ẹ bá mi fara dà á díẹ̀," ló wí. "Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ṣí ojú Màmá, gbogbo ẹni tí ojú ń dùn ní àdúgbò yìí ló máa rí ìwòsàn."

Àbúrò mi ní bí ojú òun bá lè la ojú ẹlòmíràn, kí wọ́n fi pamọ́. A fi pamọ́ lóòótọ́, bí ìyàwó ilé ṣe ń fi itan adìyẹ pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò nítorí àlejò. Àlejò ò dé. Wọ́n ní ara ọ̀gá wọn ò yá. A tún dúró, wọ́n ní ìpàdé kan ló dí wọn lọ́wọ́. Itan adìyẹ kì í pẹ́ nísàlẹ̀ ìkòkò kó má kan.

Lọ́jọ́ kan ni ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó wú, ó pọ́n bí ẹyin iná, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sílé aláwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ara ríro, ó ní dókítà ojú ò ní wá mọ́ títí dọjọ́ àlejò, torí Àǹtí ti sún ọjọ́ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Mo lọ bá Àǹtí fúnra rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó ku díẹ̀, Màmá." Mo gbà á gbọ́. Ta ni ò ní gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Ọjọ́ àlejò pé. Wọ́n to àga, wọ́n fi òdòdó sí tábìlì. Dókítà ojú mú àbúrò mi wọ yàrá, èmi àti Àǹtí tẹ̀ lé wọn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó bi í bóyá ó rí iná náà. Àbúrò mi ní, "Iná wo?" Dókítà gbé tọ́ọ̀ṣì síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, ó wá pa á. Ó bi wá pé ìgbà wo ni ìrora ti bẹ̀rẹ̀. A sọ fún un. Àǹtí ni dókítà kọjú sí.

"Awọ yẹn ló wú, tó fún iṣan ojú pa. Bí mo tiẹ̀ ṣí i báyìí, kò ní ríran mọ́ láéláé. Mo sọ fún yín pé kó má pẹ́."

Àǹtí jókòó sórí àpò rọ́bà, ó sunkún. Mi ò lè pè é ní èèyàn burúkú, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní olè ni, ǹ bá ti dárin bú u, kí ọmọdé máa kọ ọ́ lé e lẹ́yìn kiri. Orin wo lèèyàn ń dá fún ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ tó fi ba ayé rẹ jẹ́?

A gbọ́ ìró ọkọ̀ àwọn àlejò níta. Àǹtí nu ojú, ó jáde, ó mú káfíńtà kan wọlé, tí awọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bo ojú tirẹ̀. Ó fi í sórí àga àbúrò mi. Ó wá yíjú sí mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́, kí n bá wọn kọ orin rọ́bà. Mo wo àbúrò mi.

"Ẹ kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ojú káfíńtà náà, ojú ni."

Mo kọ ọ́. Ohùn mi ò gbọ̀n. Ohùn mi kì í gbọ̀n, àléébù tó ní nìyẹn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Káfíńtà ti ń ríran dáadáa báyìí. Ó rí mi lókèèrè lánàá, ó sì yà gba ọ̀nà mìíràn.

Láàárọ̀ yìí ni Àǹtí tún wá sílé wa. Inú àwọn àlejò dùn, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, ti àwọn afọ́jú: wọ́n á fún wọn lọ́pàá, wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ àbúrò mi ló máa ṣáájú, òun sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ojú ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Àbúrò mi bi í bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí òun ń fi rọ́bà gbà lọ́dọ̀ wọn ṣì máa wà. Ó ní á wà, Màmá, á wà. Àbúrò mi tún ìborùn rẹ̀ fà sókè.

"Yà á kó dáa o, ọmọ mi. Gbogbo ayé ló máa rí i, àfi èmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àǹtí ò mọ̀ bóyá kóun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àbúrò mi jọ̀wọ́ gbójú sókè díẹ̀. Ó gbé e sókè lóòótọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ibi tí kò sẹ́nì kankan.