Aṣọ Tí Wọ́n Bá Lẹ́nu Raymond

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri Woolwich nílùú òyìnbó níbí bó ṣe wù wọ́n. Èmi Sìdí, mo lẹ́nu, mi ò jiyàn. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì í, máa ń sọ pé ohùn mi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí èmi fúnra mi tó dé. Ṣùgbọ́n èmi kì í parọ́, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù, lẹ́yìn ìrun mi àti àwọn ọmọ mi, ni eré kóòtù àtijọ́ kan tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án. Dúdú àti funfun ni. Lọ́yà inú ẹ̀ tínrín, ó sì máa ń wúkọ́ kó tó bi èèyàn ní ìbéèrè, ìyẹn ni mo fi ń pè é ní Lọ́yà Oníkọ́. Tó bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, kí ẹni tó bá parọ́ máa wá ibi sá sí. Fúláàtì mi ní Barnfield la ti ń wò ó, èmi àti Habeebah, ìyàwó Fàsásì àbúrò mi. Fàsásì ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ò kúrò lọ́dọ̀ wa. Tó bá ti parí iṣẹ́ kílíìnà tó ń ṣe láàárọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, a ó jẹun, a ó sì jókòó ti kóòtù wa.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ kóòtù kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wọ ilé wa. Ọ́fíìsì tí Habeebah ń gbá tó ń nù kò jìnnà sí bárékè àwọn sójà tó kọjú sí Woolwich Common. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Chloe, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀, ṣílẹ̀kùn yàrá mánìjà, ló bá figbe ta. Raymond, mánìjà wọn, ti kú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Orí ẹ̀ lọ́gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kó jìnnìjìnnì bá gbogbo èèyàn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ti na ọkùnrin náà gbọọrọ, ó ti pa ojú ẹ̀ dé, ó ti fi jákẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ bò ó, abala ankara kan sì wà ní dídì lẹ́nu ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wa: wọ́n ti pa mánìjà, wọ́n sì dì í lẹ́nu kó má baà lè pariwo.

Ọjọ́ Àlàrùbá ni àwọn ọlọ́pàá wá mú Akínbọ́lá. Ọmọ wa ni, ọmọ Ìbàdàn, òun ló ń ṣe sikiọ́ríìtì níbẹ̀ lóru. Raymond máa ń dé iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, Akínbọ́lá ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ní Chloe gbọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì ń jà ní Jímọ̀ nítorí pé mánìjà ò fún un ní ìsinmi tó tọrọ. Wọ́n wá wo ankara yẹn, wọ́n wo Akínbọ́lá, wọ́n ní ta ló tún kù. Yorùbá méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìkejì ni Habeebah, òun sì ti sọ fún wọn pé ìsàlẹ̀ lòun wà, òun ò tíì gòkè rárá nígbà tí Chloe fi pariwo. Kò sì sẹ́ni tó fura sí i. Ta ló máa wo ìyàwó wa, obìnrin tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àga tó bá kọlù, tó máa ní apààyàn ni?

Ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá yẹn náà la gbé oúnjẹ lọ fún Mọ́wùnmí, ìyàwó Akínbọ́lá, ní Yarnton Way. Oyún ń bẹ nínú ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò wẹ̀, kò jẹun.

"Auntie Sìdí," ó ní, "ọkọ mi ò lè pa eku. Èmi ni mò ń pa aláǹtakùn nínú ilé yìí."

Inú bí mi débi pé ara mi ń gbóná. Mo dìde dúró láàárín yàrá, mo la ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí, tó di ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu, tó wá ń wò tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ jìyà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó sinmi! Oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀!"

"Àmín!" Mọ́wùnmí dáhùn, ó ń sunkún.

Habeebah wà lẹ́nu ọ̀nà, kúlà oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò gbọ́ àmín tiẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé lọ́sàn-án bó ṣe máa ń dé. Mo bu ìrẹsì fún un, kò fọwọ́ kàn án. Mo ní ó dáa, jẹ́ ká wo kóòtù wa, ọkàn wa á fúyẹ́ díẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ọ̀ràn ọ́fíìsì jáde! Wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá iléeṣẹ́ kan, wọ́n bá òkú ẹ̀ lórí àga, ó kọjú sí ibi tí ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún un máa ń jókòó. Wọ́n ní láti ibi tí ọmọ náà wà nìkan ni ìbọn ti lè bà á. Wọ́n ti fẹ́ so ọmọ náà kọ́. Lọ́yà Oníkọ́ bá dìde, ó wúkọ́, ó yíjú sí àwọn tó wá wòran, ó bi wọ́n pé ṣé ó dá wọn lójú pé orí àga ni ọkùnrin yìí kú sí. Ni mẹ́sẹ́ńjà arúgbó kan bá dìde lẹ́yìn, fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun lòun gbé e sórí àga. Ó ní nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lòun ti bá a, pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti jẹ́ ọ̀gá òun, òun ò lè fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O wá dákẹ́," ni Lọ́yà wí, "títí wọ́n fi fẹ́ pa ọmọ yìí?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà."

Mo ti ń pàtẹ́wọ́. "Arúgbó burúkú! Wò ó, Habee, wo ojú ẹ̀ bí i..." Mo yíjú sí i ká lè jọ bú u. Omi ń dà lójú ìyàwó wa.

"Auntie, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo di Ọ̀gá Raymond lẹ́nu."

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Títí di òní olónìí mi ò mọ ẹni tó yìnbọn pa ọ̀gá inú eré yẹn.

"Mo gòkè lọ nu yàrá ẹ̀ ni," ó ní, "mo bá a nílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ti tutù, kò mí mọ́. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Auntie, ọkùnrin tó ń kí mi láràárọ̀, tó máa ń béèrè orúnkún mi. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Mo pa ojú ẹ̀ dé, mo na ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo fa aṣọ tí mo fi ń di kúlà mi ya, mo fi gbé àgbọ̀n ẹ̀ ró, mo ta á ní kókó sí àtàrí. Mo ṣe Ìnnà lílláì fún un. Mi ò kọjú ẹ̀ sí gábàsì o. Mo ní kì í ṣe Mùsùlùmí, kí n má lọ fi ẹ̀sìn mi ká òkú olókùú mọ́."

"Àgbọ̀n lo dì! Wọ́n ní ẹnu ni!"

"Chloe gbá a mú, ó ń mì í jìgìjìgì, ó ń pe orúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ni aṣọ ti yọ̀ wá sẹ́nu."

"Kí ló dé tí o ò pe ẹnì kankan?"

"Mo ti mú fóònù. Ni mo bá rí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n á ní èmi ni mo pa á, wọ́n á dá mi padà sílé."

"Dá ta padà? Pásípọ́ọ̀tù tiwọn náà ni o ń lò!"

"Ìwé dé, Auntie. Ẹ̀rù ò lọ."

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo pè é ní òpònú, mo pè é ní ọ̀dájú, mo bi í bóyá ó mọ̀ pé Akínbọ́lá ń bẹ ní àtìmọ́lé. Ó ní òun mọ̀. Ohun tí mo bá sọ, á kàn ní òun mọ̀. Àánú ẹ̀ sì ń ṣe mí bí mo ṣe ń bú u lọ, torí mo mọ ọwọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí Fàsásì kú ní hòsípítù, èmi ń yí nílẹ̀ ní kọ́ríídọ̀, ìyàwó wa ló wà nínú yàrá, òun ló pa ojú ẹ̀ dé, òun ló di àgbọ̀n ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ráyè wọlé, àbúrò mi ti dà bí ẹni tó sùn. Ìyá Habeebah ló kọ́ ọ nílé, ní Ìjẹ̀bú, pé a kì í fi òkú sílẹ̀ láìtún un ṣe, ì báà jẹ́ òkú àlejò.

Ẹ má bú mi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ro ó wò pé ká dákẹ́. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ síta. Mo ní Akínbọ́lá ní lọ́yà, mo ní àwọn dókítà ń yẹ òkú wò lọ́wọ́, bóyá wọ́n á fi í sílẹ̀ fúnra wọn. Habeebah nìkan ló kù fún mi tó ń rántí bí Fàsásì ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mú un lọ.

Ó nu ojú ẹ̀. "Auntie, Mọ́wùnmí ṣe àmín sí èpè yín lánàá. Mo fẹ́ ṣe é, kò jáde. Ṣé bí mo ṣe máa wà láyé nìyẹn, tí wọ́n bá ṣàdúrà, mi ò ní lè ṣe àmín?"

Kò dúró de èsì. Ó wọ bàtà ẹ̀. Mo wá gèlè mi tì, mo fi ìborùn bo orí, mo sáré tẹ̀ lé e.

Ní tèṣàn, ọlọ́pàá obìnrin kan ló gbà wá wọlé. Habeebah ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó ti òun, wọ́n gbà. Ó ro gbogbo ẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́, títí kan irọ́ tó pa fún wọn lọ́jọ́ kìíní. Obìnrin náà tẹ́tí, ojú ẹ̀ le. Ó béèrè pé kí ló dé tó fi dì í, kí ni wàhálà ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu òkú.

"Tí wọn ò bá dì í," Habeebah wí, "bó ṣe là sílẹ̀ yẹn náà ló máa gan sí. Ó níyàwó. Mi ò fẹ́ kó bá a bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà wá ní kó fi bó ṣe ṣe é han òun. Ta ni wọ́n máa fi hàn án lára? Èmi náà ni! Èmi tí mo bá wọn wá bí ẹlẹ́rìí, wọ́n fi mí ṣe òkú. Habeebah yọ ìborùn mi, ó fi gbé àgbọ̀n mi ró, ó ta kókó lé mi látàrí, rọra, rọra, ó ń sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń lọ lójú mi, ẹ̀rín tó ti fẹ́ pa mí di ẹkún. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbọ̀n mi ò ṣí. Nígbà tí mo la ojú, ọlọ́pàá obìnrin yẹn ti yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wá nǹkan nínú àpò ẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Wọ́n dá Habeebah dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n wá ní kó máa lọ sílé ná. Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní ọkàn Raymond ló dáṣẹ́ sílẹ̀, pé etí tábìlì ló dá ọgbẹ́ sí i lórí nígbà tó ń ṣubú, àti pé ẹ̀mí ti bọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ankara yẹn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n máa wá apààyàn. Kò sí apààyàn kankan. Wọ́n tú Akínbọ́lá sílẹ̀. Wọ́n fún ìyàwó wa ní ìkìlọ̀ líle nítorí irọ́ tó pa, iléeṣẹ́ sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun gbà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi ní Barnfield. Habeebah ló lọ ṣí i. Akínbọ́lá ló dúró síbẹ̀, irùngbọ̀n ti kún ẹnu ẹ̀. Kí n tó dìde, ìyàwó wa ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó tó bí.

"Habeebah, dìde!" mo kígbe. "Èèwọ̀ ni! Ṣé o fẹ́ ṣépè fún un ni?"

Ojú ọmọ náà ló ń wò. "Akínbọ́lá, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, mo sì dákẹ́. Má bínú sí mi."

"Mummy, mò ń bínú," Akínbọ́lá ní. "Mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n bi Mọ́wùnmí léèrè bóyá mo máa ń nà án. Àwọn ará ilé wa dúró sí fèrèsé nígbà tí wọ́n ń mú mi lọ. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè máa kí yín dáadáa."

"O jàre," ni Habeebah wí. Kò dìde.

Ni Akínbọ́lá bá lóṣòó síwájú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"Èmi nìkan ló ń wà nínú ọ́fíìsì yẹn lóru," ó ní. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣubú síbẹ̀ tí mo kú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó bá mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Mummy, kí ẹ pe ìyàwó mi."