Ata Tí Wọ́n Dà Sí Gọ́tà

Ata ìyá Fẹ̀yìntọlá ló wà nínú ìgò mẹ́ta tó tò sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ ní Karu, ní Àbújá. Ìyá ló gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìlá, kó tó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, Fẹ̀yìntọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká gbogbo ata wẹẹrẹ náà, títí kan èyí tí kò tíì pọ́n dáadáa. Igi rẹ̀ ti ń gbẹ. Kò ní sí òmíràn mọ́.

Ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú aáyù, ó po iyọ̀ mọ́ ọn, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó wá fi òkúta kékeré tó ti sè tẹ ata náà mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè bò ó. Àràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, á tú ìdérí díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bí ògì ṣe ń kan ni ata náà ṣe ń kan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Àǹtí Lydia, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wá láti Jahi kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn, nítorí wọ́n ń kun ilé rẹ̀ lọ́dà.

“Ìyàwó, kí ló ń rùn báyìí?”

“Ata ni, mà. Mo ń jẹ́ kó kan ni. Ata ìyá mi ni.”

“Ata tó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀?”

Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé fún un. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tètè kúrò níbi iṣẹ́. Bó ṣe wọ ilé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo.

“Àǹtí, níbo ni ìgò mi wà, mà?”

Àǹtí Lydia kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Ìdọ̀tí yẹn? Ó ti wà nínú gọ́tà. Ṣé ẹ fẹ́ fi pa Jọmílójú ọmọ yín ni? Ó yẹ kó o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Fẹ̀yìntọlá mọ̀ pé bí òun bá lanu, èébú ni yóò jáde. Ó sáré jáde. Ata náà ti lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì gọ́tà, láàárín ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Eṣinṣin ti bò ó.

Mukhtar, ará Ìlọrin tó ń ṣọ́ géètì, sún mọ́ ọn. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màdáàmù. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí ọ̀gá dà á nù ni.”

“Ọ̀gá wo?”

“Ọ̀gá wa náà ni. Àwọn ló gbé e jáde láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ sí Kugbo.”

Fẹ̀yìntọlá kò padà wọlé. Ó wọ ọkọ̀, ó di Kugbo, níbi tí Akínjídé ọkọ rẹ̀ ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga tà.

“Ṣé ìwọ lo da ata ìyá mi nù?”

Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ra, “ẹ̀yin” ló máa ń pè é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dá ayùn dúró.

“Ìyá Jọmí, jẹ́ ká délé.”

“Mo ní ṣé ìwọ ni!”

“Àǹtí ló ní ó ti bà jẹ́. Mi ò fẹ́ bá wọn jiyàn láàárọ̀ kùtù. O mọ bí wọ́n ṣe rí.”

“Ìwọ lo gbé àpò ata yẹn sínú bùútù ọkọ̀ láti Ìlá! Bí Àǹtí bá ní aṣọ tí Ìyá wọ̀ kẹ́yìn ń rùn, ṣé wàá dáná sun ún?”

Akínjídé ń fi èékánná ha igi tó wà níwájú rẹ̀. “Ata ṣáà ni. A lè ra òmíràn lọ́jà Karu.”

Fẹ̀yìntọlá fa fóònù yọ, ó pe bàbá rẹ̀, ó fi sí sípíkà kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì gbé fóònù náà lé orí pákó. “Sọ fún wọn.”

“Akínjídé ọmọ mi,” ohùn Bàbá jáde, “ata yẹn ńkọ́? Ó yẹ kó ti kan o. Mò ń wá ẹni tó ń bọ̀ láti Àbújá tó máa bá mi mú díẹ̀ bọ̀, kí n fi jẹ iṣu.”

Akínjídé sún mọ́ fóònù náà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti dà á nù.”

Wọ́n ń gbọ́ ohùn adìyẹ lọ́dọ̀ Bàbá.

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, sà.”

“Ó dáa.” Bàbá pa fóònù. Akínjídé jókòó sórí àga tí kò tíì kàn tán, kò sì lè gbé orí sókè.

Àǹtí Lydia padà sí Jahi lọ́jọ́ Àìkú. Fẹ̀yìntọlá bá a gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ní “Ó dàbọ̀, mà,” ó sì ti wọlé kí ọkọ̀ tó gbéra.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Akínjídé dá lọ sí Ìlá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Bàbá ti forí jì mí.”

“Bàbá nìyẹn.”

“Ṣé inú ṣì ń bí ẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìgbà wo ló máa tán?”

“Mi ò mọ̀,” Fẹ̀yìntọlá ní. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.