Ẹni Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí

“Fádípẹ̀ Àjàyí!”

Ọkùnrin tó ń to àpò kòkó nínú ilé ìkẹ́rù dáhùn, Fadékẹ́mi sì gbàgbé ohun tó kù láti sọ. Ohùn yẹn! Ohùn tó máa ń pè é wá jẹun nígbà tó wà ní pírámárì n’Ìjerò ni, ohùn tí wọ́n ti sin sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi ọwọ́ kékeré bu yẹ̀pẹ̀ lé.

Ọkùnrin náà jáde sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìka rẹ̀ tó kéré jù lọ́wọ́ òsì kò sí. Ayùn ló gé e ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Fadékẹ́mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló sáré lọ pe màmá rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni Fadékẹ́mi ń kọ́ l’Ádó. Láàárín ọ̀sẹ̀ yóò ṣiṣẹ́, tó bá di Sátidé yóò lọ kàwé oyè rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel, ló mú un wá sí Ìdó-Ilé láti fojú rí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kòkó kan, nítorí àwọn tó ni ibẹ̀ fura pé orúkọ tí kò ní olórúkọ ti wọ àárín wọn. Iṣẹ́ náà kò le. Pe orúkọ, wo ojú, gba káàdì. Ẹni tí kò bá ní káàdì, kí ẹni tó mọ ilé rẹ̀ jáde wá ṣe ẹlẹ́rìí. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, wọn yóò fa igi lé orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Káàdì yín ńkọ́?”

“Mi ò ní.” Ó nawọ́ gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀ láti fọwọ́ síwèé. Nínú oòrùn tó ń sá kòkó gbẹ, ọwọ́ náà tutù bí ìdí àmù.

Ta ni wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí tí kò gbọ́ nípa àkúdàáyà? Ẹni tó kú láìtọ́jọ́, tó wá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, tó gba orúkọ mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́, tó tún fẹ́yàwó, láìsí ẹni tó fura. Ìyá àgbà Fadékẹ́mi máa ń kìlọ̀ fún wọn pé bí ẹ bá rí i, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ àtijọ́ o. Bí ẹ bá pè é tó sì dáhùn, ẹ ò ní rí i mọ́. Ọládipọ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ẹ̀rù kò tilẹ̀ bà á tó bó ṣe yẹ. Inú rẹ̀ ń dùn, inú dídùn burúkú kan tó fẹ́ mú un sunkún lójú gbogbo ayé.

“Ta ló mọ bàbá yìí?” Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel bi àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òmíràn ní kì í bá wọn jẹun. Obìnrin kan tó ń yí kòkó lórí símẹ́ǹtì nàró, oyún rẹ̀ ti yọ síta dáadáa. Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀.

“Ọkọ mi ni, sà. Ó kàn fẹsẹ̀ rìn wọ̀lú lọ́jọ́ kan ni. Mi ò bi í ní ulé rẹ̀, torí ó ṣe mí dáadáa.”

“Ìyàwó kì í ṣe ẹlẹ́rìí ọkọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ìyá. Fadékẹ́mi, fa igi lé e.”

Bí ọkùnrin náà ti gbọ́ orúkọ yẹn, ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ó mi orí díẹ̀. Fadékẹ́mi rò pé ó ń bẹ òun kí òun má fa igi náà ni.

Báwo ni èèyàn ṣe ń pa bàbá ẹni lẹ́ẹ̀kejì? Ó ronú, ó sì rí ọ̀nà. Orúkọ ni wọ́n ní kí a má pè. Kò sẹ́ni tó ní kí a má jẹ́rìí. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí bàbá rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀?

“Ẹ dákun sà, mo mọ̀ wọ́n. Ọmọ Ìjerò ni wọ́n.”

“Ìwọ?” Ọ̀gá wò ó títí. “A kì í ṣe ọ́dítọ̀ ká tún ṣe ẹlẹ́rìí. Gbé ìwé náà wá. Bọ́ sọ́hùn-ún, kí n pè ọ́ bí a ṣe ń pe gbogbo èèyàn.”

Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún un. Fadékẹ́mi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́fíìsì, orúkọ bàbá ló kọ́kọ́ pè.

“Ọládipọ̀!”

“Sà,” ni Fadékẹ́mi dáhùn.

“Hòo,” ni bàbá rẹ̀ náà dáhùn.

Ohùn méjèèjì jáde pọ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Ó wo Dúpẹ́, ó wo ikùn rẹ̀, ó wo Fadékẹ́mi, kò sì bínú. Ó yí padà, ó rọra wọ inú ilé ìkẹ́rù lọ, sẹ́yìn àpò kòkó.

Wọ́n wá a títí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé ìkẹ́rù náà ní, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn sì dúró sí. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá lórí àpò. Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel mú báírò, ó sì fa igi náà fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti wọ́ lọ sójú títì.

Dúpẹ́ kò sunkún. Ó jókòó sórí símẹ́ǹtì láàárín kòkó.

“Àǹtí, ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n. Kí lorúkọ rẹ̀ gan-an? Ọmọ ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?”

Fadékẹ́mi jókòó tì í. Kòkó náà gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ọládipọ̀,” ló wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́. Dúpẹ́ náà pè é, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọ sórí, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Fadékẹ́mi sì mọ̀ pé orúkọ tí òun ń gbé mì láti ọ̀sán yìí nìkan ni ogún tí òun àti ọmọ náà yóò jọ pín.